Kí ni George Washington kọ gan-an nípa ẹgbẹ́ òṣèlú? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwé ìdágbére ọdún 1796

Wọ́n máa ń sọ pé ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ẹnikẹ́ni má dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ohun tó kọ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òṣèlú sì wà nínú rẹ̀ ju bí àwọn tó ń yìn ín ṣe máa ń sọ. Àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jù nípa ìwé náà la kó jọ síbí.

Níbo ló ti sọ ọ̀rọ̀ náà?

Kò sọ ọ́ níbì kankan. Ìwé ni. Ó pe David Claypoole, ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn ní Philadelphia tó jẹ́ olú-ìlú Amẹ́ríkà nígbà náà, ó fà á lé e lọ́wọ́, ó sì jáde ní 19 oṣù Kẹsàn-án 1796. Ojú-ewé 32 ni èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àwọn ìwé ìròyìn ìlú mìíràn tún un tẹ̀ kíákíá, bó ṣe tàn ká gbogbo ìpínlẹ̀ nìyẹn.

Ìròyìn tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ kò kan ẹgbẹ́ òṣèlú rárá: Washington ń sọ fún aráàlú pé òun kò ní du ipò ààrẹ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí òfin kankan tó dí i lọ́wọ́. Ọdún 1951 ni àtúnṣe sí ìwé òfin tó fi òpin sí i lẹ́yìn sáà méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé ìròyìn náà ló sọ ìwé yìí di ohun tí wọ́n ṣì ń kà dòní.

Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́?

Òun ló ni èrò, òun ló sì pinnu ohun tó kù síbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mẹ́ta ló kàn án. Ní 1792, nígbà tó fẹ́ kúrò lórí oyè lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́, ó ní kí James Madison, aṣòfin kan láti Virginia, bá òun kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó sì dúró, ìwé náà wá sùn sínú àpótí. Ní 15 oṣù Karùn-ún 1796 ó fi ohun tí Madison kọ àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi kún un ránṣẹ́ sí Alexander Hamilton, ẹni tó ti bójú tó ìṣúná nínú ìjọba rẹ̀. Ní ìparí oṣù Keje, Hamilton fi èyí tó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ránṣẹ́ padà. Washington fara mọ́ ti Hamilton, ó tún un kọ, ó gé e, ó yí àwọn gbólóhùn kan padà.

Ẹ wo ohun tó wà nínú èyí: ní 1792 Madison ṣì súnmọ́ ààrẹ débi pé òun ni wọ́n pè. Nígbà tó fi máa di 1796, Madison ti di olórí àwọn alátakò nílé ìgbìmọ̀, Hamilton sì ni ọpọlọ ẹgbẹ́ kejì. Ìwé tó ń kìlọ̀ nípa ìpín-yẹ́lẹyẹ̀lẹ ẹgbẹ́, ọwọ́ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ méjèèjì ló ti kọjá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà tó fi ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ òṣèlú?

Ìwé òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ní 1787 kò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú rárá. Gbogbo aṣojú-dìbò, ìyẹn àwọn tí ìpínlẹ̀ ń yàn láti dìbò yan ààrẹ, ló sì dìbò fún Washington lẹ́ẹ̀mejèèjì, 69 nígbà àkọ́kọ́, 132 ní 1792. Ẹni tó bá wo iye yẹn nìkan á rò pé ìlú wà níṣọ̀kan. Inú ìgbìmọ̀ ààrẹ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Hamilton ló wà nídìí ìṣúná. Ó fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ gba gbèsè ogun òmìnira tí àwọn ìpínlẹ̀ jẹ sọ́rùn ara rẹ̀, èyí wáyé ní 1790, kí wọ́n sì dá báńkì àpapọ̀ sílẹ̀, èyí wáyé ní 1791. Thomas Jefferson ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Lójú tirẹ̀, ìwé òfin kò fún ìjọba láṣẹ láti dá báńkì, àwọn olówó ìlú ńlá ni gbogbo ètò náà yóò bọ́, àgbẹ̀ ni yóò sì san owó rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjú ogun síra wọn ní 1793, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn tó wà lẹ́yìn Jefferson ń ti Faransé lẹ́yìn, àwọn ti Hamilton kò fẹ́ kí òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bàjẹ́. Washington kéde ní 22 oṣù Kẹrin ọdún náà pé Amẹ́ríkà kò ní dá sí i, àwọn tó wà lẹ́yìn Jefferson sì rí nǹkan bú nínú ìkéde náà.

Ìwé ìròyìn ni ohun ìjà. John Fenno ń tẹ tirẹ̀ jáde, ẹ̀yìn Hamilton ló wà. Ní oṣù Kẹwàá 1791, Philip Freneau bẹ̀rẹ̀ èyí tí yóò máa ta kò ó. Jefferson ti fún Freneau níṣẹ́ ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, ní dọ́là 250 lọ́dún, tó fi jẹ́ pé owó ìjọba ló ń bọ́ ẹni tó ń bú ìjọba.

Ní oṣù Kẹjọ 1792 Washington kọ̀wé sí Jefferson àti Hamilton lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fara dà á fún ara wọn. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì fèsì, 9 oṣù Kẹsàn-án. Oníkálukú ní ẹnì kejì ló fa ìjà. Nígbà tí oṣù Kìíní 1795 fi máa parí, àwọn méjèèjì ti fi ipò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì tó kù ló wá dá egbò náà sí i. Ní 1794, àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania kọ̀ láti san owó orí ọtí líle, Washington sì kó ọmọ ogun tó tó 13,000 lọ bá wọn. Lẹ́yìn náà ni àdéhùn tí John Jay, aṣojú tí Washington rán, ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà 1795 pẹ̀lú ìbò 20 sí 10, ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin béèrè géérégé, láìsí ẹyọ kan lé. Àwọn ènìyàn dáná sun ère Jay ní ìgboro. Ìgbà yìí ni èébú tí àwọn ìwé ìròyìn ń bú Washington fúnra rẹ̀ wá le gan-an.

Ewu wo gan-an ló ní ẹgbẹ́ òṣèlú lè fà?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá. Washington kò fi ọ̀rọ̀ mọ sí pé ẹgbẹ́ òṣèlú kò dára. Ó ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ láti ìpele dé ìpele.

Àwọn kéréje kan tó mọ ètò ṣe ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi ìfẹ́ ẹgbẹ́ wọn rọ́pò ìfẹ́ gbogbo ìlú. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá wọlé, ìjọba á gba ọ̀nà kan, nígbà tí èkejì bá wọlé, á tún gba òmíràn, láìsí ètò kan tí wọ́n jọ gbìmọ̀ lé lórí. Lẹ́yìn èyí, àwọn alárékérekè tí ipò ń wù á rí i pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Wọ́n á fi gba agbára lọ́wọ́ aráàlú, wọ́n á sì ba irinṣẹ́ náà gan-an jẹ́ kí ẹlòmíràn má bàa fi ṣe irú ohun tí àwọn ṣe.

Ẹ̀san ló kàn. Ẹgbẹ́ tó bá wọlé á fìyà jẹ èyí tó jáde. Èyí tó jáde á dúró de ọjọ́ tirẹ̀, á sì san án padà pẹ̀lú èlé. Washington pe pàṣípààrọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ní ìjọba apàṣẹwàá tó ń dẹ́rù bani, kódà bí ìdìbò bá ṣì ń wáyé. Ṣùgbọ́n ìpele tó tẹ̀ lé e ló bà á lẹ́rù jù: àwọn ènìyàn á rẹ̀. Wọ́n á wá ìsinmi, wọ́n á sì rò pé abẹ́ agbára ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn ti lè rí i. Bó pẹ́ bó yá, olórí ẹgbẹ́ kan tó gbọ́n ju àwọn yòókù lọ, tàbí tí orí rẹ̀ kàn dára jù wọ́n lọ, á lo àárẹ̀ yẹn láti gbé ara rẹ̀ lékè lórí àlàpà òmìnira ìlú.

Nípa báyìí, ẹni tó fẹ́ jẹ apàṣẹwàá kò nílò ìbọn lọ títí. Àárẹ̀ ọmọ ìlú tó. Nínú gbogbo ìwé náà, kò sí ibi tí ìlàákàyè rẹ̀ ti mú tó èyí, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn díẹ̀ péré ni.

Ó tún ka àwọn ibi tí kò ní dúró de ọjọ́ iwájú. Ìpàdé aṣòfin á dàrú, iṣẹ́ ìjọba á sì falẹ̀. Ìfura tí kò ní ìdí àti ìròyìn èké á gba ìlú kan, apá kan á máa bínú sí èkejì, nígbà mìíràn á di rògbòdìyàn. Ó ní ilẹ̀ òkèèrè náà á rí ọ̀nà wọlé: ìfẹ́ ẹgbẹ́ ni ilẹ̀kùn tí owó àti àrékérekè wọn á gbà dé inú ìjọba. Kò ń sọ àlá níbí. Ní 1793, Genet, aṣojú ilẹ̀ Faransé, ti gbìyànjú láti rin orí ìjọba kọjá lọ bá àwọn ará Amẹ́ríkà tààrà. Nígbà tí ìwé yìí ń jáde, Adet, aṣojú Faransé tó dé lẹ́yìn rẹ̀, fẹ́ kí Jefferson wọlé, ó sì gbé ohùn jáde nínú ìwé ìròyìn nígbà ìdìbò náà.

Irú ẹgbẹ́ wo ló kà sí èyí tó burú jù?

Èyí tí agbègbè bá jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀: àríwá lòdì sí gúúsù, etíkun lòdì sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ní ọgbọ́n tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń gba ọlá ládùúgbò rẹ̀ ni pé kó máa parọ́ mọ́ èrò àti ète àdúgbò kejì. Ó fún wọn ní ẹ̀rí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti sọ fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn pé ìjọba àpapọ̀ kò bìkítà fún ọ̀nà odò Mississippi tí wọ́n ń gbé ọjà gbà. Ní 1795, ìjọba kan náà bá Spéìn ṣe àdéhùn tó ṣí odò náà sílẹ̀ fún wọn.

Ṣé ó wá ní kí wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú?

Rárá o. Ó kọ ọ́ kedere pé ẹ̀mí ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ti wà nínú ẹ̀dá ènìyàn láti ìpìlẹ̀, pé kò sí irú ìjọba tí kò sí. Ó tiẹ̀ gbà pé lábẹ́ ọba, ẹgbẹ́ lè wúlò láti máa kó ìjọba níjàánu. Níbi tí aráàlú bá ti ń dìbò yan gbogbo olórí, ó ní èyí tó wà nílẹ̀ ti tó, ewu àpọ̀jù ló kù. Ó fi iná ṣe àpẹẹrẹ: a kò lè pa á tán, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ kó má bàa jó ilé dípò kó mú un gbóná.

Madison ti kọ ohun tó jọ ọ́ ní oṣù Kọkànlá 1787: bí a bá fẹ́ pa ẹgbẹ́ rẹ́, à ní láti pa òmìnira rẹ́ pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni oògùn. Madison ní kí ilẹ̀ fẹ̀, kí ẹgbẹ́ pọ̀, kí èyíkéyìí má lè borí pátápátá. Washington gbé e lé ìwà àti ìṣọ́ra aráàlú.

Kí ló ní kí wọ́n ṣe nígbà náà?

Ó ní kí ẹ̀ka ìjọba kọ̀ọ̀kan dúró sí ààyè rẹ̀, kí ọ̀kan má gba iṣẹ́ òmíràn ṣe. Bí òfin bá ní àléébù, kí wọ́n tún un ṣe ní ọ̀nà tí ìwé òfin là sílẹ̀. Kí wọ́n má fi ipá yí i padà, kódà bí ohun tí wọ́n fẹ́ bá dára, nítorí ẹni burúkú ni yóò lo ọ̀nà ipá yẹn lọ́la. Ó fi ẹ̀sìn àti ìwà ọmọlúàbí kún un, àti ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹni tó ń dìbò lè mọ ohun tó ń ṣe. Gbèsè ìlú náà wà níbẹ̀: kí wọ́n yá owó níwọ̀nba, kí wọ́n tètè san án nígbà àlàáfíà. Ohun kan tí kò sí níbẹ̀ ni ìlànà fún ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, bí yóò ṣe yan olùdíje tàbí ibi tí yóò ti rówó. Àìsí rẹ̀ hàn láàárín ọdún mẹ́rin.

Ṣé òun fúnra rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́?

Kò wọ ẹgbẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé náà pẹ̀lú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà á rí i pé ẹ̀yìn ìjọba tirẹ̀ ló wà, àwọn tó ń ta kò ó ni òkò náà sì ń bá jù. Lójú Washington, ẹni tó wà nínú ìjọba kò sí nínú ẹgbẹ́. Àwọn alátakò nìkan ló ń jẹ́ ẹgbẹ́. Àléébù ńlá lèyí, ọ̀pọ̀ olórí lẹ́yìn rẹ̀ káàkiri ayé ló sì ti lò ó láti fi pa alátakò lẹ́nu mọ́.

Ìgbà tó jáde náà sọ̀rọ̀. Títí di oṣù Kẹsàn-án kò sí ẹni tó lè polongo ìbò ní gbangba, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ dájú bóyá Washington máa lọ. Fisher Ames, aṣòfin kan lẹ́yìn Hamilton, sọ pé ìwé náà dà bíi fìlà tí wọ́n jù sílẹ̀ kí àwọn eléré ìje lè gbéra.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó túbọ̀ hàn. Ní oṣù Kìíní 1799 ó bẹ Patrick Henry kó jáde du ipò ní Virginia láti dojú kọ ẹgbẹ́ Jefferson. Ní oṣù Keje ọdún náà ó kọ̀wé sí Jonathan Trumbull, gómìnà Connecticut, pé bí ẹgbẹ́ yẹn bá gbé igi ìgbálẹ̀ kalẹ̀, tí wọ́n pè é ní ọmọ òmìnira tòótọ́, gbogbo ìbò wọn ni yóò gbà.

Ṣé ìkìlọ̀ náà ṣiṣẹ́?

Lójú ẹsẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Ní ìdìbò 1796 John Adams, igbákejì Washington tó wà ní ìhà Hamilton, ní ìbò 71, Jefferson 68. Òfin ìgbà náà sì sọ pé ẹni tó bá ṣe kejì ni igbákejì ààrẹ, bí ọ̀tá méjì ṣe wọ ìjọba kan náà nìyẹn. Ní 1798 àwọn ẹgbẹ́ Adams ṣe òfin tó lè sọ ẹni tó bá kọ ohun búburú nípa ìjọba sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì fi mú àwọn oníwèé-ìròyìn alátakò. Ìdìbò 1800 ló tú àṣírí àléébù inú òfin: aṣojú-dìbò kọ̀ọ̀kan ní ìbò méjì láìsọ èyí tó jẹ́ ti ààrẹ, nítorí náà Jefferson àti Aaron Burr tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà ní 73 àti 73. Ìgbà 36 ni ilé aṣojú-ṣòfin dìbò kí wọ́n tó yan Jefferson ní 17 oṣù Kejì 1801. Àtúnṣe kejìlá, tó wọlé ní 1804, ló ya ìbò ààrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ti igbákejì. Lọ́rọ̀ kan, ìwé òfin tí kò mọ ẹgbẹ́ rí ní láti tẹrí ba fún un.

Ti ẹ̀san ńkọ́? Adams kó ẹrù rẹ̀ ní 1801, ó lọ ilé. Kò sí ẹni tó fi í sẹ́wọ̀n. Ìpele kẹta nínú àlàyé Washington kò ṣẹ nígbà yẹn, ìyẹn sì ni ìwé náà kò fọkàn sí: pé ẹgbẹ́ méjì lè gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ pé ìlú tú.

Kí ni ìwé náà dákẹ́ lé lórí?

Ẹrú. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àríwá àti gúúsù, kò sì fẹnu kan ohun tó pín wọn jù. Ní 21 oṣù Karùn-ún 1796, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Hamilton, Ona Judge, ọ̀dọ́bìnrin ẹrú tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún Martha ìyàwó rẹ̀, jáde kúrò nílé ààrẹ ní Philadelphia nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New Hampshire. Washington rán ènìyàn lọ wá a padà, kò rí i gbà. Ìwé ìhágún Washington dá ẹrú 123 tó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan Ona Judge, nítorí ara ohun ìní ìdílé ọkọ àkọ́kọ́ tí Martha fẹ́ ni wọ́n kà á sí.

Ní 1860, Abraham Lincoln di ààrẹ láìrí ìbò aṣojú-dìbò ẹyọ kan ní ìpínlẹ̀ tó ń kó ẹrú. Ẹgbẹ́ alágbègbè tí Washington bẹ̀rù ti dé, ogun abẹ́lé sì tẹ̀ lé e lọ́dún kejì.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń kà á nílé ìgbìmọ̀ lọ́dọọdún?

Òótọ́ ni. Wọ́n kọ́kọ́ kà á níbẹ̀ ní 22 oṣù Kejì 1862, ọjọ́ ìbí Washington, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà. Láti 1896 ló ti di ohun ọdọọdún nílé aṣòfin àgbà. Aṣòfin kan á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé aláwọ kan tí wọ́n ń tọ́jú. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń pín in ṣe: bí ẹgbẹ́ kan bá kà á lọ́dún yìí, èkejì ni yóò kà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rín sí i.

Kí ló kan Nàìjíríà nínú rẹ̀?

Ní 1979 Nàìjíríà fi ètò ààrẹ bíi ti Amẹ́ríkà rọ́pò ti olórí ìjọba tó ń jókòó nílé aṣòfin. Lórí ẹgbẹ́ òṣèlú, ó gba ọ̀nà mìíràn. Ìṣèjọba Àkọ́kọ́ ti fi hàn wá: NPC ní Àríwá, NCNC ní Ìlà-oòrùn, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn gan-an ni ẹgbẹ́ alágbègbè tí Washington ń sọ. Nítorí náà, abala 222 nínú ìwé òfin 1999 kò gba orúkọ tàbí àmì ẹgbẹ́ tó bá fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí agbègbè kan hàn. Abala 223 ní kí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wá láti ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja. Abala 65 sì béèrè pé kí olùdíje sílé aṣòfin àpapọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹgbẹ́ náà sì gbé kalẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ìmọ̀ràn Washington nípa jíjìnnà sí ẹgbẹ́ kò lè gba fọ́ọ̀mù.

Bí mo bá fẹ́ kà á, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Má bẹ̀rẹ̀ láti òkè, èdè àyẹ́sí tó wà níbẹ̀ á rẹ̀ ọ́. Fo ibi tó ti ń dágbére, lọ síbi ìṣọ̀kan àwọn ìpínlẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alágbègbè wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ìgbọràn sí ìwé òfin, ti ẹ̀mí ẹgbẹ́ sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ìpínrọ̀ kúkúrú ni wọ́n. Ka wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí o tó bọ́ sórí ẹ̀ka ìjọba, ẹ̀sìn, ẹ̀kọ́ àti gbèsè. Apá tó kẹ́yìn, tó gùn, ti ilẹ̀ òkèèrè ni. Bí o bá ń wá gbólóhùn nípa àdéhùn òkèèrè tó ń dì mọ́ni lẹ́sẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń kà sí Washington lọ́rùn, o kò ní rí i níbẹ̀. Jefferson ló sọ ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un ní oṣù Kẹta 1801.